Òdòdó tí kì í rọ nínú pálọ̀: Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa nítorí ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn

Láti ọwọ́ akọ̀ròyìn wa

Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́; kò mọ̀ pé ikú tó pa baba òun ni. Ẹnu ẹ̀yin àgbà la ti gbọ́ ọ, tótó, ó ṣe bí òwe o. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí òwe yìí yé mi yékéyéké ni ọjọ́ Kérésìmesì kan tí gbogbo wa péjọ sí ilé ìyá àgbà wa ní abúlé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, ń rìn tàgétàgé káàkiri pálọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́jú, ó ti já èso kan lára òdòdó oníke tó wà lórí tábìlì, èso róbótó bí àjàrà, ó sì ti jù ú sẹ́nu.

Nígbà tí a máa bojú wẹ̀yìn, ojú ọmọ ti ń yọ síta. Kò lè ké, kò lè húkọ́. Ìyá àgbà ló sáré gbé e, tó dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí itan rẹ̀, tó sì ń gbá a láàárín èjìká méjèèjì títí èso náà fi fò jáde. Ọmọ bú sẹ́kún. N kò tíì gbọ́ igbe tó dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí ọkàn gbogbo wa balẹ̀, ìyá àgbà sọ ìtàn òdòdó náà fún wa. Igi olómi-òjò ló wà níwájú ilé rẹ̀ tẹ́lẹ̀, igi tó máa ń yọ òdòdó yẹ́lò tó rẹwà púpọ̀. Nígbà tí ọmọ-ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú ilé, tí àwọn ewúrẹ́ náà sì ń bí sí i, ó ní kí wọ́n gé e lulẹ̀ nítorí pé èso rẹ̀ ń pani. Òdòdó oníke, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní fúláwà, ló rà dípò rẹ̀. Ó gbà pé ohun tí kò ní oje kò lè ní májèlé. Ó sá fún ewu kan níta, ó sì gbé òmíràn sórí tábìlì láìmọ̀.

Èyí ló mú mi wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí mo rí ni pé òdòdó tí kì í rọ kì í ṣe òdòdó tí kò lè ṣeni léṣe. Àmọ́ èyí tó dára wà lọ́jà, ẹni tó bá sì mọ ohun tó yẹ kó wò ni yóò rí i rà.

OLÓMI-ÒJÒ ÀTI ÀWỌN ẸGBẸ́ RẸ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìyá àgbà ṣàṣìṣe nígbà tó gé igi rẹ̀. Májèlé pọ̀ nínú àwọn igi àti ewéko tí à ń gbìn fún ẹwà. Ohun kan wà nínú oje àti kóró olómi-òjò tó máa ń da lílù ọkàn rú, ó sì lè dá ọkàn dúró pátápátá. Kóró làpálàpá, tí àwọn kan ń pè ní bọ̀tújẹ̀, a máa dùn lẹ́nu ọmọdé bí ẹ̀pà, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru fi ń bẹ̀rẹ̀. Kóró láàrà náà ní májèlé líle nínú.

Ewéko kan tún wà tí àwọn ará ìlú ńlá máa ń gbìn sínú ìkòkò lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ewé rẹ̀ fẹ̀, funfun sì ta sí i lára. Dieffenbachia ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Bí ọmọ bá jẹ ewé rẹ̀, ẹnu á máa ta á bí ẹni jẹ iná, ahọ́n á wú, ọ̀rọ̀ á sì ṣòro láti sọ. Ní ti òdòdó lílì, ológbò ni ọ̀tá rẹ̀. Ológbò tó bá lá lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ lásán lè pàdánù kíndìnrín rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Nítorí náà, ìdí wà tí ẹni tó ní ọmọ kékeré àti ẹran nílé fi ń yan òdòdó àtọwọ́dá. Ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí ni irú èyí tó yàn.

ỌMỌBÌNRIN TÍ ÒDÒDÓ PA NÍ LỌ́ŃDỌ̀NÙ

Ọ̀rọ̀ májèlé nínú òdòdó àtọwọ́dá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1775, onímọ̀ kan ní orílẹ̀-èdè Sweden, Carl Wilhelm Scheele, wá ọgbọ́n tí wọ́n fi lè ṣe àwọ̀ ewé tó tàn yanran láti ara bàbà àti ásẹ́níìkì. Ásẹ́níìkì yìí, májèlé gidi ni. Wọ́n fi ń pa eku láyé àtijọ́. Àwọ̀ náà àti àwọn tó jọ ọ́ gba ọjà kan ní Yúróòpù. Wọ́n fi kun bébà ara ògiri, wọ́n fi pa aṣọ láró, wọ́n sì fi kun ewé òdòdó àtọwọ́dá tí àwọn obìnrin ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ sórí.

Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 19 kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ Matilda Scheurer. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa bu lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ ewé náà lé orí ewé àtọwọ́dá. Ó ń fà á símú, ó sì ń bá a jẹ oúnjẹ láti ọwọ́ rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1861, ó kú ikú oró. Omi aláwọ̀ ewé ló ń bì, funfun ojú rẹ̀ pàápàá di àwọ̀ ewé. Nígbà tí àwọn dókítà yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n bá ásẹ́níìkì nínú ikùn, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ikú ọmọbìnrin yìí wà lára ohun tó mú kí àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lórí àwọ̀ náà.

Ayé ásẹ́níìkì nínú òdòdó ti kọjá, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tíì gbó. Ohun tí wọ́n fi ṣe òdòdó àti ohun tí wọ́n fi kùn ún ni ká máa béèrè, kí a má wo ẹwà rẹ̀ nìkan.

ÒJÉ INÚ IKE

Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe òdòdó àtọwọ́dá òde òní. Àkọ́kọ́ ni aṣọ, pàápàá aṣọ pọ́líẹ́sítà tí àwọn oníṣòwò ń pè ní sílíìkì. Èkejì ni ike tí wọ́n ń pè ní polyethylene, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe kẹ́ẹ̀gì epo àti ọ̀rá omi tí à ń fi eyín já mu. Ẹ̀kẹta ni ike tí wọ́n ń pè ní PVC, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi àti kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà. Ẹ̀kẹta yìí gan-an ló yẹ ká ṣọ́ra fún.

PVC le fúnra rẹ̀, ó sì máa ń tètè bàjẹ́ bí ooru àti oòrùn bá ń mú un. Nítorí náà, àwọn tó ń ṣe é máa ń po nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Bí wọ́n bá fẹ́ kó rọ̀ bí ewé gidi, wọ́n lè po àwọn kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní phthalates mọ́ ọn. Bí wọ́n bá fẹ́ kó lè fara da ooru, àwọn mìíràn a máa po òjé mọ́ ọn. Phthalates kì í lẹ̀ mọ́ ike pinpin. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ jáde, pàápàá bí ọmọ bá ń fi ẹnu fa ike náà. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn rí i pé mélòó kan nínú wọn máa ń da iṣẹ́ họ́mọ́ònù rú, ìyẹn àwọn ohun inú ara tó ń darí bí ọmọ ṣe ń dàgbà.

Ní ti òjé, ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ni àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n kó lè rì, òun ló wà nínú bátìrì ọkọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan, bó ti wù kó kéré tó, tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò léwu. Àjọ náà tún sọ pé ara ọmọdé lè fa òjé tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún èyí tí ara àgbàlagbà ń fà. Ọpọlọ ló máa ń bà jẹ́ jù. Ọmọ á máa gbàgbé nǹkan, ìwé á ṣòro fún un, inú á máa run ún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì ní tó. Bí ó bá pọ̀ lára, gìrì á dé, ó sì lè yọrí sí ikú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010 kò tíì kúrò nílẹ̀. Àwọn ará abúlé ń lọ òkúta wúrà ní àgbàlá wọn, wọn kò mọ̀ pé òjé wà nínú òkúta náà. Ó lé ní 400 ọmọ tó kú. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, àwọn dókítà ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ ń lé tìróò fún. Láti Nàìjíríà ni tìróò náà ti wá. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ lọ tó jẹ́ òjé.

Kí ló wá kan òdòdó orí tábìlì? Òun náà kì í pa òjé tí wọ́n pò mọ́ ọn mọ́ títí láé. Ní ọdún 1996, àjọ tó ń rí sí ààbò àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, CPSC, yẹ àwọn ìbòjú fèrèsé kan wò tí wọ́n fi PVC olójèé ṣe. Wọ́n rí i pé bí oòrùn àti ooru ṣe ń jẹ ike náà, bẹ́ẹ̀ ni eruku tó ní òjé ń yọ sójú rẹ̀. Wọ́n ní kí ilé tí ọmọ ọdún mẹ́fà sí ìsàlẹ̀ bá wà yọ wọ́n kúrò. Òdòdó oníke tó bá jẹ́ irú PVC bẹ́ẹ̀, tó ti wà lójú fèrèsé láti ọjọ́ pípẹ́, lè ṣe bákan náà. Ọmọ á fọwọ́ kàn án, á sì fi ọwọ́ kan náà sẹ́nu.

Ìjọba àwọn ìlú òkèèrè ti ṣe òfin lórí èyí. Ní ọdún 2005, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fòfin de àwọn phthalates kan nínú ohun ìṣeré ọmọdé. Amẹ́ríkà ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 2008, wọ́n sì tún dín òjé inú ohun èlò ọmọdé kù. Ní ọdún 2023, Yúróòpù tún ṣe òfin tó dín òjé kù nínú àwọn ohun tí wọ́n bá fi PVC ṣe. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú òfin wọ̀nyí, ohun ìṣeré ọmọdé ni wọ́n wà fún. Lójú òfin, òdòdó orí tábìlì kì í ṣe ohun ìṣeré. Lójú ọmọ, ohun ìṣeré ni.

BÍ Ẹ Ó ṢE YẸ̀ Ẹ́ WÒ

Kò dìgbà tí ẹ bá ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Imú, ọwọ́, aṣọ funfun àti abọ́ omi kan tó láti ya èyí tó dára díẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò dára.

Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí òdòdó bá ń rùn fíín bí kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Òórùn yẹn ń sọ fún yín pé kẹ́míkà ń jáde lára rẹ̀.

Ẹ fi aṣọ funfun nù ún. Ẹ rẹ aṣọ ìnujú funfun sínú omi, kí ẹ fi í nu ewé àti òdòdó náà dáadáa. Bí àwọ̀ bá yọ sára aṣọ, itọ́ ọmọ náà á yọ ọ́. Bákan náà, ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n da ohun dídán yẹ̀rìyẹ̀rì tàbí òjò dídì àtọwọ́dá lé lórí, nítorí pé ó ń gbọ̀n sílẹ̀.

Ẹ fà á. Ẹ di èso, ìtànná àti ewé rẹ̀ mú, kí ẹ fà á bí ọmọ ọdún méjì ṣe máa fà á. Ohun tó bá já nínú rẹ̀ lójú ọjà yóò já nílé. Ẹ ṣọ́ra pàápàá fún èyí tó ní èso wẹ́wẹ́. Ìwọ̀n kan wà tí ẹnikẹ́ni lè lò: ohun tó bá lè kọjá nínú páálí róbótó tí wọ́n ń ká tíṣù ilé ìyàgbẹ́ mọ́, ó lè há ọmọ kékeré lọ́fun.

Ẹ rì í sómi. Bó bá jẹ́ pé oníke lẹ fẹ́ rà, ẹyọ kan ni kí ẹ kọ́kọ́ rà lọ sílé. Ẹ gé ewé kan tí kò ní wáyà nínú, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ rì í bọ inú abọ́ omi, kí ẹ fi ìka pa á kí afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ lè jáde, kí ẹ wá jọ̀wọ́ rẹ̀. Ike kẹ́ẹ̀gì fúyẹ́ ju omi lọ, yóò léfòó. PVC wúwo ju omi lọ, yóò rì. Èyí tó bá rì, ẹ má ṣe padà lọ ra púpọ̀ rẹ̀. Kí ẹ sì rántí pé ike nìkan ni àyẹ̀wò yìí ń sọ nípa rẹ̀, kò sọ nǹkan kan nípa ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún; iṣẹ́ aṣọ funfun nìyẹn. Àyẹ̀wò omi kò sì wúlò fún òdòdó aláṣọ.

Ẹ wo ìdí rẹ̀. Nígbà mìíràn, àmì onígun mẹ́ta kan máa ń wà lára ike tàbí páálí rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà nínú. Nọ́ńbà 3 ni PVC. Nọ́ńbà 2 àti 4 ni polyethylene. Bí oníṣòwò bá sọ fún yín pé òdòdó òun kò ní májèlé, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó mọ ọjà rẹ̀ á lè dáhùn.

Ẹ tún wo inú ìkòkò rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì àti fóòmù tó ń wó jẹ́ ohun tí ọmọ lè kó sẹ́nu. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ kan tún wà tí wọ́n ń dà sínú ìkòkò òdòdó, tó jẹ́ pé bí omi bá kàn wọ́n, wọ́n á wú di ìlọ́po-ìlọ́po. Bí ọmọ bá gbé ọ̀kan mì, á wú nínú ìfun rẹ̀, á sì dí i pa. Ní ọdún 2023, àjọ CPSC tí a dárúkọ lókè kìlọ̀ gidigidi nípa ìlẹ̀kẹ̀ yìí. Kò yẹ kó wọ ilé tí ọmọdé wà rárá.

Èyí tó burú jù ni òdòdó tó ń tàn, tó ní bátìrì pẹlẹbẹ bí bọ́tìnnì, irú èyí tó máa ń wà nínú aago ọwọ́. Bátìrì yìí lè jó ọ̀nà ọ̀fun ọmọ láàárín wákàtí méjì péré. Bí ilé bátìrì náà kò bá ní ìdérí tí wọ́n fi ìdè de, tó jẹ́ pé ìka lásán lè ṣí i, ẹ má ṣe rà á.

TI ẸRAN Ọ̀SÌN Ń KỌ́?

Bí ọmọ ṣe ń fi ẹnu yẹ nǹkan wò, bẹ́ẹ̀ ni ẹran. Ewúrẹ́ kò mọ ewé oníke yàtọ̀ sí ewé gidi. Àwọn alápatà mọ̀ pé wọ́n máa ń bá ọ̀rá dídì nínú ikùn ewúrẹ́ àti màlúù tí wọ́n bá pa. Ike kì í dà nínú ikùn. Yóò kàn máa kó jọ ni, ẹran náà kò ní lè jẹun mọ́, á máa rù, á sì kú. Wáyà inú igi òdòdó tún burú jù ú lọ. Bí màlúù bá gbé e mì, ó lè gún ikùn rẹ̀ títí dé ọkàn. Ẹni tó bá da òdòdó àtijọ́ sí ààtàn, tí ẹran àdúgbò sì lọ jẹ ẹ́, ó ti ba dúkìá ẹlòmíràn jẹ́.

Ológbò fẹ́ràn ohun tó ń jò fẹ̀lẹ́fẹ̀lẹ́. Òwú gígùn, ribọ́ọ̀nù àti ewé tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń lé. Bí ológbò bá gbé òwú gígùn mì, ó lè fa ìfun rẹ̀ jọ bí ẹni ń fa okùn ṣòkòtò, iṣẹ́ abẹ nìkan ló sì lè gbà á. Bí ẹ bá rí òwú tó yọ jáde ní ẹnu tàbí ìdí rẹ̀, ẹ má ṣe fà á. Ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran. Adìẹ a máa ṣa fóòmù wẹ́wẹ́ jẹ bí ẹni ń jẹ àgbàdo. Ajá a máa gé igi òdòdó jẹ, pàápàá ọmọ ajá tó ń hu eyín.

Nítorí náà, bí ẹran bá ń wọ inú ilé yín, ẹ yan òdòdó tí ewé rẹ̀ tóbi, tó nípọn, tí kò ní ribọ́ọ̀nù, tí kò sì ní wáyà tó yọrí síta. Kí ìkòkò rẹ̀ wúwo nísàlẹ̀ kó má bàa rọrùn láti dà lulẹ̀.

NÍGBÀ TÓ BÁ TI WỌ ILÉ

Èyí tó dára náà fẹ́ ìtọ́jú. Ẹ gbé e sí ibi gíga tí ọwọ́ ọmọ kò tó, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe wà lórí àga tàbí tábìlì tó ní aṣọ tí ọmọ lè fà. Ẹ má ṣe gbé e sójú fèrèsé tí oòrùn ń ràn sí tààrà. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí eruku tó bá kó jọ sára rẹ̀ máa ń dá ikọ́ àti sísín sílẹ̀ fún ọmọ tó ní ikọ́ fée. Ẹ má fi ìyẹ́ adìẹ gbọ̀n ọ́n nígbà tí ọmọ wà nítòsí.

Bí ike náà bá ti ń gan, tó ń sán wẹ́wẹ́, tàbí tí ìyẹ̀fun funfun ń yọ lára rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Ẹ fi ọ̀rá di í pinpin kí ẹ tó kó o fún àwọn tó ń kó ìdọ̀tí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sun ún nínú àgbàlá. Èéfín PVC ní ásíìdì tó ń ta imú àti ẹ̀dọ̀fóró, májèlé mìíràn tó ń jẹ́ dioxin sì wà nínú rẹ̀ tó lè balẹ̀ sórí ẹ̀fọ́ àti ilẹ̀ tí adìẹ ń jẹ̀.

Ẹni tí kò bá fẹ́ gbogbo wàhálà yìí lè ṣe ti ara rẹ̀. Àjákù aṣọ àǹkárá pọ̀ lọ́wọ́ àwọn télọ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ títí àwọ̀ kò fi ní yọ mọ́, ẹ gé e ní ìrísí ewé àti ìtànná, ẹ fi okùn rán an mọ́ igi gbígbẹ láìlo gúlúù tàbí wáyà. Ó ṣeé fọ̀, kì í rùn, àwọn ọmọ ilé tó ti dàgbà díẹ̀ sì lè bá yín ṣe é.

BÍ JÀǸBÁ BÁ ṢẸLẸ̀

Bí nǹkan bá há ọmọ lọ́fun, àmọ́ tó ṣì lè húkọ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kó máa húkọ́. Bí kò bá lè húkọ́ tàbí ké, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí orí rẹ̀ relẹ̀ ju ìdí lọ, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ yí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan padà, kí ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ọmọ tó ti ju ọdún kan lọ, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fọwọ́ gbá a mọ́ra lókè ìdodo, kí ẹ fa ọwọ́ sínú àti sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ máa ṣe é ní àṣetúnṣe, kí ẹnì kan sì máa wá ọkọ̀ tí yóò gbé yín lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má ṣe ki ìka bọ ọ̀fun tí ẹ kò bá rí nǹkan náà, nítorí ó lè tì í wọlé sí i.

Bí ó bá jẹ́ bátìrì ló gbé mì, ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó yá. Bí ọmọ bá ti pé ọdún kan, tó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní ṣíbí tíì méjì oyin gidi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá bí ẹ ṣe ń lọ, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ. Oyin máa ń dín jíjó náà kù. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin.

Bí ó bá jẹ́ ewéko olóró ló jẹ, ẹ yọ èyí tó kù lẹ́nu rẹ̀, ẹ fi omi fọ ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì mú ewé náà dání lọ bá dókítà. Níbí yìí, mo bẹ ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má bínú: ẹ má ṣe rọ ọmọ ní epo pupa, ẹ má sì fipá mú un bì. Bí epo bá gba ọ̀nà òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó lè dá àìsàn mìíràn sílẹ̀ tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Bí ẹ bá sì ń fura pé ọmọ ti ń fi ẹnu fa ike àtijọ́ fún ìgbà pípẹ́, ẹ sọ fún dókítà kó yẹ òjé wò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè fi í hàn dájú. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja àti wàrà tó ń wọlé sí i lára déédéé a máa dín bí ara rẹ̀ ṣe ń fa òjé kù.

Mo padà sí abúlé lẹ́yìn ọdún tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹlẹ̀. Òdòdó kò tíì kúrò nínú pálọ̀ ìyá àgbà, ṣùgbọ́n aláṣọ ni báyìí, kò ní èso kankan, orí kọ́bọ́ọ̀dù ló sì wà. Kí wọ́n tó rà á, wọ́n fi imú gbọ́ ọ, wọ́n fà á títí ẹni tó ń tà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin àgbà ilé, ẹ wo orí tábìlì yín lónìí.